SLK àbí Mazda MX-5? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọ̀la ìrọ̀lẹ́ tó tó

TísàÌjùmú:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó yára dá mi lóhùn. Mo fẹ́ ra spọ́ọ̀tìkà, èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Méjì ni mo rí: Benz SLK kan wà ní Lọ́kọ́ja, Mazda MX-5 kan wà ní Ìlọrin. Ẹni tó ni SLK ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá gbé e lọ́la ìrọ̀lẹ́. Èwo ni kí n mú? Ta ló mọ mẹkáníìkì tó lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀?

ỌmọOwé:
Ọ̀kun, bàbá. Ọdún wo ni wọ́n ṣe wọ́n? Èló ni wọ́n pè é? Ọtọmátíìkì ni àbí mánúwà? Kàbà níbí lẹ ó ti máa wà á ni, àbí Àbújá?

AráFẹ́lẹ́lé:
Ẹ lọ bá ọ̀gá tó ń ṣe Benz lójú ọ̀nà Fẹ́lẹ́lé, lẹ́yìn ibi táwọn tírélà máa ń páàkì sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wa C-Class ní Lọ́kọ́ja á júwe rẹ̀ fún yín. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àléébù ẹ́ńjìnnì. Ẹ tètè dé ibẹ̀, èrò kì í pẹ́ pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

AwakọÌyàrá:
Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Porsche Boxster ni mo rà ní tèmi, ti 2001, lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Àbújá. Ó búra fún mi pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn kò sí níwájú, àárín ló wà, lẹ́yìn ìjókòó yín gan-an, ẹ ò lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ rí i. Níwájú, ẹrù ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Lẹ́yìn, ẹrù náà ni. Mo ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, mo ti kọjá Ọbájànà, mo bá gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́yìn mi. Kí n tó rí ibi yà sí, ó ti kú. Wọ́n fi ọkọ̀ ẹlẹ́rù gbé e délé.

Nígbà tí wọ́n tú u, mẹkáníìkì la fílítà ọ́ìlì sí méjì, ó na bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn. Irin wẹ́wẹ́ ló kún inú ọ́ìlì dúdú yẹn, ó ń dán yanranyanran. Bíárínì kan wà lórí ọ̀pá tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì, IMS ni wọ́n ń pè é. Òun ló fọ́ tó sì ba gbogbo ìyókù jẹ́. Ẹni tó bá mọ Porsche dáadáa mọ àrùn yìí, ó ń ṣe Boxster àti Porsche 911 àsìkò náà. Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní nígbà tí òun fà á lé mi lọ́wọ́, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́. Owó tí wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì míì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi ra mọ́tò náà. Owó tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ ìjọba kó jọ ni. Inú mi ò tíì rọ̀ dòní.

IyeMọ́pà:
Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á fi èyí tó dára ju ìyẹn lọ rọ́pò.

ỌmọOwé:
Ẹ gbọ́ o, bàbá Tísà? Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Ẹ fi owó yín ra Hilux.

Kọ́míṣọ́nnàGíà:
Ẹ dákun, a ti ń da nǹkan pọ̀. Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n wa dùn mí, ṣùgbọ́n Boxster ni tiwọn, SLK àti Mazda ni bàbá ń béèrè. IMS kò sí nínú méjèèjì.

Bàbá, bó bá jẹ́ SLK tí wọ́n ṣe láti 2004 sókè, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 200 Kompressor, irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú C-Class tó kún ìgboro ló gbé, ẹ ó rí páàtì rẹ̀ rà. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ná sí i. Bó bá ń dún ṣàràṣàrà ní kété tó ṣẹ́ná, tó wá dákẹ́ lẹ́yìn náà, ṣéènì ti gùn. Bó bá jẹ́ 280 tàbí 350 ti ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, irin eléyín kan wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí eyín rẹ̀ máa ń jẹ, ìtúlẹ̀ gbogbo ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tẹ́ ẹ dé, ẹ sọ pé ẹ ó padà wá.

Òrùlé rẹ̀ irin ni, ọ́ìlì ló ń tì í, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 22 ló fi ń ká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ká a kí wọ́n sì nà án lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú yín. Bó bá dúró sáàárín, ẹ ò lè ṣí búùtù, òjò á sì bá yín níta.

AwakọÌyàrá:
Kì í ṣe pé mo ń da nǹkan pọ̀. Ẹni tó ń tà á ni mo ní kí bàbá ṣọ́ra fún. Oníṣòwò ọ̀hún ṣe mí bí ẹni tó mọ̀ mí látọjọ́ pípẹ́, ó fún mi ní omi tútù mu.

Àgbẹ̀Ìyàgbà:
Bàbá, bí owó bá wà, ilẹ̀ kajú wà ní apá Ejibà. Ẹ gbin ín, ọmọ yín á jẹ ńbẹ̀. Mọ́tò ò so èso.

TísàÌjùmú:
Ẹ ṣé o. Owó kajú ọdún yìí gan-an ni mo fẹ́ fi rà á, àgbẹ̀ bíi tiyín ni mí. SLK jẹ́ ti 2006, ọtọmátíìkì. Mazda jẹ́ ti 2004, mánúwà. Ọdún 67 ni mo wà. Àwọn ọmọ mi ti ṣe tán. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, Peugeot 504 sitéṣọ́ọ̀nù ni mo ń wà, ìyá, ọmọ, àbúrò, àpò gààrí, gbogbo wọn ló ń bá mi jókòó síbẹ̀. Mi ò tíì ní mọ́tò tó jẹ́ pé èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà ńbẹ̀. Ìyẹn ni mo ń wá, kí eékún mi tó kọ̀.

IyeMọ́pà:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ ìyàwó. Ṣé wọ́n ti jókòó sínú rẹ̀? Òun náà lè ní ẹ̀yìn ríro. Ẹ mú un dání lọ́la.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ara yín díẹ̀, bàbá. Mọ́tò tó rẹlẹ̀, ẹ má ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ máa wá fi ìkejì wọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, kẹ́ ẹ wá yí ara, kẹ́ ẹ kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹsẹ̀ méjèèjì ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀. Eékún wo ló ń dùn yín? Bó bá jẹ́ ti òsì, kílọ́ọ̀ṣì Mazda yẹn á yọ yín lẹ́nu nínú gósílóò.

Ohun tó sì ká mi lára jù ni ojú. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rin ìrìn àjò jíjìn. Àìsàn kan wà tó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú díẹ̀díẹ̀, tí ènìyàn á ṣì máa rí iwájú kedere, kò ní mọ̀ títí tó fi máa pẹ́ jù. Bí iná mọ́tò tó ń bọ̀ lálẹ́ bá ń tàn káàkiri lójú yín bí ìràwọ̀, ẹ má wakọ̀ alẹ́ mọ́.

ỌmọOwé:
Ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ gbé e gbà gan-an? Àwọn mọ́tò wọ̀nyí ò ju ìka ọwọ́ díẹ̀ lọ sí ilẹ̀. Àfi ọ̀nà kọ́ńkéré Ọbájànà sí Kàbà nìkan.

Kọ́míṣọ́nnàGíà:
Ọ̀nà yẹn gan-an dára fún un. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 43, Dangote ló ṣe é, kò sí kòtò.

ỌmọOwé:
Àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ẹni tó wà nínú mọ́tò kúkúrú, abẹ́ táyà wọn ló ń wò. Awakọ̀ tírélà kò rí i rárá.

Kọ́míṣọ́nnàGíà:
Ẹ máa wà á ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, wọn kì í pọ̀. Ṣé torí tírélà ni gbogbo ènìyàn á ṣe jókòó sílé?

ỌmọOwé:
Ìdájí náà ni àwọn ajínigbé ń wá ènìyàn. Mọ́tò pupa aláìlórùlé, ta ni kò ní rò pé olówó ló wà ńbẹ̀? Ẹ̀mí ni mò ń sọ, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tí a ń gbé.

Kọ́míṣọ́nnàGíà:
Òótọ́ ni, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kedere, bàbá, kẹ́ ẹ sì padà délé kí oòrùn tó wọ̀.

AráÌlọrin:
Mo ti rí Mazda yẹn lójú, aláwọ̀ búlúù ni. Ẹ wò ó dáadáa bóyá láti Amẹ́ríkà ló ti wá tàbí láti ìlú tí wọ́n ń wakọ̀ lápá òsì. Láti 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, torí náà àwọn kan ń gbé sítíárì láti ọ̀tún sí òsì kí wọ́n tó tà á. Ẹ wo wáípà: bí ibi tí kò nù bá pọ̀ jù níwájú awakọ̀, wọ́n ti yí i padà. Ẹ wo etí dáṣíbọ́ọ̀dù, bóyá wọ́n fi nǹkan gé e. Sítíárì tí wọ́n bá gbé báyìí, mi ò lè fọkàn tán an lórí eré.

Bí wọ́n bá sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun, ẹ béèrè pépà kọ́sítọ́ọ̀mù. Mọ́tò tó ti lé ní ọdún 12 kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé tòkunbọ̀ gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé láti 2017.

Lóòótọ́, mọ́tò tó dára ni. Mazda ti ń ṣe é láti 1989, wọ́n sì ti ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ. Kò wúwo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọrùn, kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan tí mẹkáníìkì ilé wa ò lè tú.

AwakọÌyàrá:
Bàbá, ẹ ṣì lè fi owó yín pamọ́.

AráFẹ́lẹ́lé:
Ọ̀gá tí mo sọ wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, mo ti pè é. SLK ni kẹ́ ẹ mú, bàbá. Ọtọmátíìkì ni, eékún yín á sinmi.

IyeMọ́pà:
Èmi náà fara mọ́ SLK.

TísàÌjùmú:
Ẹ kú àdúrótì o. Mo ti ra Mazda.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Lọ́kọ́ja. Ọ̀gá Fẹ́lẹ́lé yẹ SLK wò, ó ní kò burú, òrùlé rẹ̀ ká ó sì nà. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, ó ní ó dà bí mọ́tò ọ́fíìsì. A wá wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Sítíárì rẹ̀ òsì ni látilẹ̀wá, láti Amẹ́ríkà, pépà rẹ̀ pé. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó tì mí léjìká, ó ní kí n ṣẹ́ná sí i. Nígbà tí mo wọ gíà kejì, tí ẹ́ńjìnnì fọhùn, mo mọ̀ pé mi ò ní padà sí Lọ́kọ́ja. Eékún òsì dùn mí díẹ̀, nọ́ọ̀sì wa, ẹ máà bínú. Màá lọ yẹ ojú wò ní tòótọ́.

A gba Ìkọ̀lé àti Òmùò wálé, a ò gba Ẹ̀gbẹ̀, nítorí ọ̀nà. Láti Òmùò sí Ìyámoyè, a ká òrùlé. Àwọn ọmọ iléèwé ń sáré tẹ̀lé wa. Ìyàwó mi tú gèlè rẹ̀, ó fi í sórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín sókè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbé e níyàwó, mi ò tíì gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò rí.

AwakọÌyàrá:
Kí Ọlọ́run fi ṣe ìrọ̀rùn fún yín, bàbá. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ la fílítà ọ́ìlì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá yọ, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀.

Kọ́míṣọ́nnàGíà:
Ẹ kú oríire! Táyà ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀, ní ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT. Kí ni ẹ rí?

TísàÌjùmú:
1115.

Kọ́míṣọ́nnàGíà:
Ọ̀sẹ̀ kọkànlá 2015 nìyẹn. Ẹ má rìn ín mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ojú rẹ̀ ṣe wù kó dára tó. Rọ́bà ń gbó láìrìn.

TísàÌjùmú:
Mo gbọ́. Ọ̀kan ṣì kù: òjò rọ̀ lánàá, mo rí omi lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìjókòó, òrùlé rẹ̀ ò sì ya. Níbo ló ti wọlé?

AráÌlọrin:
Ihò omi ló dí. Ó wà lẹ́yìn ìjókòó lápá méjèèjì, níbi tí òrùlé ti kanlẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti ewé ló máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá rọ́bà rírọ̀ tì í, ẹ má fi wáyà gún un, ó lè bẹ́ páìpù tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ rọra da omi kọ́ọ̀bù kan sí i. Ó yẹ kó jáde sílẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn. Bí kò bá jáde, ẹ má tíì dá a dúró síta nínú òjò, ẹ gbé e wá bá mi.