Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé kọfí àtijọ́ wo ni kí n mú ọkọ mi lọ ní Tokyo?

Ìyá Tóbi
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkọ mi ń pé 50 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, ìlú Tokyo la ó sì ti ṣe é, èmi, òun àti Tóbi ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ẹni tó bá mọ ọkọ mi mọ̀ pé ó fẹ́ràn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ju oúnjẹ lọ. Pálọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àwo ló kún un: àpàlà, jùjú, jáàsì lóríṣiríṣi.

Mo ti rí fọ́tò àwọn ilé kọfí àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní kissaten níbẹ̀: àga aláṣọ àrán pupa, iná tó rọra ń tàn, rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń yí. Mo fẹ́ mú un lọ sí ọ̀kan láìjẹ́ kó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé èéfín sìgá máa ń dí mi láyà, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń mu ún níbẹ̀. Ẹnì kan tún sọ pé àwọn kan ò gbà kéèyàn sọ̀rọ̀ rárá. Ṣé lóòótọ́ ni? Ibo lẹ rò pé ó máa bá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára mu?

Wálé Yokohama
Ìyá Tóbi, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ ṣe é láyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti sìgá. Látìgbà tí òfin ti yí padà lóṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Jàpáànù ò gbà kéèyàn mu sìgá nínú ilé mọ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ilé kékeré kan tó ti wà kí òfin tó dé, àwọn kissaten kan sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n dandan ni kí wọ́n lẹ àmì mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé 20 ọdún wọ ibi tí wọ́n ti ń mu ún. Torí náà, Tóbi gan-an ló máa gbà yín. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ọmọ ọdún 16 lè wọlé. Tí wọ́n bá ní kò lè wọlé, ẹ kọjá lọ.

Ti àìsọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Ilé kọfí kan wà ní àdúgbò Shibuya tí wọ́n ń pè ní Lion, ọdún 1926 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bọ́ǹbù ogun wó o, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1950. Àwọn àga ibẹ̀ kọjú sí sípíkà onígi kan tó ga láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orin kíláásíkà, ìyẹn orin àtijọ́ àwọn ará Yúróòpù, ni wọ́n ń lò. Ẹ ò gbọdọ̀ ya fọ́tò, ẹ ò gbọdọ̀ gbé fóònù sétí. Ọkọ yín á gbádùn ibẹ̀ gan-an.

Dúpẹ́ Ọmọ Ẹ̀gbá
Bọ̀dá Wálé, ẹ má bínú o, ṣé ọjọ́ ìbí 50 ni kí wọ́n lọ jókòó láìlanu? Àǹtí, Sabouru ní Jimbocho ni kí ẹ lọ. Ọdún 1955 ló ti wà, igi àti bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn oníbàárà ti kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri títí. Ibi ìjókòó wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá ga máa tẹrí ba kó tó kọjá. Ẹ ra cream soda fún Tóbi: omi sódà aláwọ̀ ewé tàbí pupa tó ń dán, yìnyín nínú, áísìkiriìmù lórí. Èèyàn máa ń tò síta, torí náà ẹ tètè lọ. Àdúgbò yẹn náà ni àwọn tó ń ta ìwé àlòkù pọ̀ sí jù ní Tokyo, ẹ máa rí àwo àlòkù níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù
Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ràn jáàsì, Eagle ní Yotsuya ni kó lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, láti 1967. Títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orin nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́fà, ẹ lè bára yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi wà. Lẹ́yìn ogun, àwo láti Amẹ́ríkà wọ́n bí ojú ní Jàpáànù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lágbára àtira ẹyọ kan á san owó kọfí kan, á jókòó, á sì gbọ́ odidi àwo láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn lórí ẹ̀rọ tí kò lè ní nílé láéláé. Onílé ló ń yan àwo, á sì gbé páálí rẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ibi ẹ̀kọ́ ni fún àwọn èèyàn yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dákẹ́. Mo bẹ yín, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín jókòó gbọ́ ó kéré tán àwo kan parí.

Àlàkẹ́
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ kọfí fúnra rẹ̀ o! Café de l'Ambre wà ní Ginza láti 1948, kọfí nìkan ni wọ́n ń tà. Ẹni tó dá a sílẹ̀ lo ọdún 103 láyé, 2018 ló kú. Aṣọ fúláánẹ̀lì ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, wọ́n á máa da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń sẹ́ ògì. Wọ́n tún ń ta kọfí tí wọ́n ti fi èso rẹ̀ pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kan tún wà. Àwọn ilé tuntun kan wà báyìí tí wọ́n kàn ra àga àtijọ́ jọ torí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n rẹwà, ṣùgbọ́n èmi ò lè fi wọ́n wé ibi tí bàbá arúgbó kan ti ń po kọfí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ wá ti àgbà lọ.

Ìyá Tóbi
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀gbọ́n Wálé, ṣé mo lè mú àwo jùjú kan dání láti ilé, kí wọ́n gbé e sí i fún un? Ẹ̀bùn tó máa wú u lórí nìyẹn. Àti owó, ṣé káàdì ń ṣiṣẹ́?

Wálé Yokohama
Àwo yẹn, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Àwo tiwọn ni wọ́n sábà máa ń lò. Ní Lion, ẹ lè béèrè orin kan, àmọ́ kíláásíkà tó wà lórí pẹpẹ wọn ni.

Ti owó, ẹ mú owó yen dání, torí ọ̀pọ̀ ò gba káàdì. Kọfí kan lè tó nǹkan bí 700 sí 1,000 yen, oníkálukú sì gbọ́dọ̀ ra nǹkan tirẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà lẹ ti máa sanwó bí ẹ bá ń jáde. Ẹ má fi owó ẹ̀bùn lé owó kọfí fún wọn o, wọn ò ní gbà á, wọ́n tiẹ̀ lè sáré tẹ̀ lé yín síta láti dá a padà.

Èmi gbà pẹ̀lú Dúpẹ́ àti Bàbá: ẹ lọ sí Sabouru lọ́sàn-án, kí ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì ya fọ́tò yín, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Eagle ní Yotsuya ní bí aago márùn-ún. Wọn ò jìnnà síra. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó dá ọjọ́.