Ẹ bá mi wo àwòrán yìí: irú eṣinṣin wo nìyí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àwọn eṣinṣin tín-ín-tín kan ló ń yọ mí lẹ́nu nínú ilé. Àwọn ará ilé ní kantíkantí ni, èmi ò gbà. Wọn kì í sún mọ́ èso, ojú wọn ò sì pọ́n. Dúdú ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọn ò ju mílímítà 3 lọ. Ìdí ìkòkò òdòdó ni wọ́n sábà máa ń wà. Bí mo bá ti bomi rin ín, wọn a fò dìde.

Fóònù ni mo fi ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ ò hàn dáadáa (ta ló fẹ́ bá eṣinṣin sọ pé kó dúró jẹ́ẹ́?). Ìkejì ló dára jù: mo fi téèpù mú un, mo wá gbé e síwájú iná. Ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀, iṣan kan wà níbẹ̀ tó là sí méjì ní ìparí.

Ilé ìwẹ̀ ni mo ti ya ìkẹta. Ìyẹn nírun lára, ó sì da ìyẹ́ bo ẹ̀yìn bí òrùlé. Lójú tèmi, oríṣi méjì ni wọ́n: ọ̀kan ń ti inú ilẹ̀ tútù jáde, èkejì ń ti inú ìdọ̀tí ihò omi.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mi ò fẹ́ kàn máa fín oògùn kiri. Bí àwòrán wọ̀nyí ò bá tó, apá ibo ni kí n tún yà: orí ni, àbí ẹ̀gbẹ́?