Ta ló ń ran àwọn ọmọ yín lọ́wọ́ lórí àṣetiléwá aljẹ́brà? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì, Lágere
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ìbejì mi ti wọ SS2, gíráàfù ló gbalé kan báyìí. Ti òní ni y = x² − 2x − 3, láti x = −2 títí dé 4. Bàbá wọn ò sí nílé, aṣọ ni èmi ń tà. Lọ́dọ̀ tiyín, ta ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́? Lẹ́sìnnì ni, fóònù ni, àbí ẹnì kan nínú ilé? Ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Ọmọ Ọbòkun
Lẹ́sìnnì. Kò sọ́nà míì.

Ará Modákẹ́kẹ́
Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi o, Ọmọ Ọbòkun. Ọmọ mi obìnrin lọ lẹ́sìnnì títí, gíráàfù rẹ̀ ò yé wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU kan tó ń gbé nínú ilé wa ló rí ìdí rẹ̀. Ó ní kó fi ẹ̀rọ ìṣirò wá x² nígbà tí x bá jẹ́ −2. Ọmọ tẹ −2², ẹ̀rọ gbé −4 jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní, "Fi −2 sínú àkámọ́ ná, kí o tó tẹ 2 kékeré yẹn." Ó ṣe bẹ́ẹ̀, 4 ló jáde. Gbogbo ibi tí x ti ní àmì ìyọkúrò nínú tébù ọmọ yìí ló ti ń bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò! Ìdáhùn nìkan ni wọ́n ń mákì ní lẹ́sìnnì yẹn, wọn kì í wo bí ọmọ ṣe dé ibẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi.

Télọ̀ Sábó
Ẹ̀rọ tí a fowó rà ló wá ń ṣi ìṣirò ṣe? Mi ò gbà.

Ará Modákẹ́kẹ́
Kò ṣì í ṣe, ẹ̀gbọ́n. Tí kò bá sí àkámọ́, 2² ló máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ló máa fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn.

Télọ̀ Sábó
Ẹ jẹ́ n gba ti ọmọ mi wò.

Télọ̀ Sábó
Háà! −4 lóòótọ́. Mo ti pe ọmọ náà wá.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìlésà
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìṣirò ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ọmọ ní Ìlésà níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára. Kí ẹ tó dé orí x², ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí function jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rí f(x) tí wọ́n ń rò pé ká sọ f di ìlọ́po x ni. Rárá o. f ni òfin, x ni ohun tí o kó fún un, f(x) ni ohun tó dá padà fún ọ.

Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n máa ń lóṣòó síwájú onígbèsè títí owó á fi jáde, ni mo máa ń fi kọ́ wọn, torí kò sí agboolé Ìjẹ̀ṣà tí wọn kì í ti í sọ̀tàn rẹ̀. Bàbá kan gbé aṣọ ₦5,000 fún oníbàárà láwìn, oníbàárà ń san ₦500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ x bá ti kọjá, gbèsè tó kù ni y = 5000 − 500x. Ẹ fi 0 sípò x: ₦5,000 pé lọ́rùn rẹ̀, ibẹ̀ ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀ lára òpó y. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ₦4,500. Lẹ́yìn méjì, ₦4,000. Bó ṣe ń fi ₦500 wálẹ̀ yẹn ni ìwé ń pè ní gradient, −500. Ibi tí ìlà bá ti kan òpó x ni 10: ọ̀sẹ̀ kẹwàá, bàbá á dìde lórí òṣó tó ló, á gbọ̀nà ilé. Ọmọ tí èyí bá yé, kò sí gíráàfù onílà gbọọrọ tó máa dẹ́rù bà á mọ́.

Nǹkan kan kù. Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi rúlà so àwọn àmì gíráàfù x² pọ̀ o. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi fà á, kó rọra yí nísàlẹ̀. Tó bá ṣẹ́ bí igun ilé, máàkì ti lọ.

Ọmọ Ọbòkun
Bàbá tó bí bàbá mi ṣe òṣómàáló. Gíráàfù àwọn onígbèsè tí wọ́n ń sọ fún wa kì í wálẹ̀ o, pẹrẹsẹ ló máa ń rí 😂

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìlésà
Pẹrẹsẹ náà ń jẹ́ function, ọmọ mi. y = 5000 nìyẹn. Èyí tí kì í ṣe function ni kí gbèsè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà fún ọ̀sẹ̀ kan náà, débi pé tí o bá fa ìlà olóòró, á kan gíráàfù lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ọbòkun
Ìwé olówó sọ tirẹ̀, ìwé onígbèsè sọ tirẹ̀. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ààfin nìyẹn máa ń dà.

Ọmọ Ẹnuwá
Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Photomath wà, áàpù orí fóònù ni. Ẹ ya equation ní fọ́tò, ìdáhùn dé, á tún fi ọ̀nà tó gbà hàn yín.

Télọ̀ Sábó
Òun ló ba ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Àṣetiléwá rẹ̀ ń gba gbogbo máàkì, ìdánwò dé, ìwé rẹ̀ funfun báláú.

Ọmọ Ẹnuwá
Kò ka ọ̀nà tí wọ́n fi hàn án ni. Ẹ̀bi fóònù kọ́.

Ará Modákẹ́kẹ́
Ọmọ wo ló máa kà á, nígbà tí ìdáhùn ti wà lókè?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní agbègbè Mayfair. Ọwọ́ àti pẹ́ńsùlù ni mo ń jẹ́ kí wọ́n fi kọ́kọ́ ya gíráàfù, torí òun ni wọ́n máa bá pàdé nínú ìdánwò WAEC. Lẹ́yìn náà la máa ṣí GeoGebra, áàpù tó ń ya gíráàfù, láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni, tí ẹ bá sì ti gbé e sórí fóònù, kò nílò dátà mọ́. Mo máa ń kọ y = x² + c, c jẹ́ nọ́ńbà tí a lè máa yí pa dà, kí àwọn ọmọ fúnra wọn máa fa c lọ fa c bọ̀, kí wọ́n rí i bí gbogbo gíráàfù ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú wọn máa ń là níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lágere
Ẹ ṣeun gan-an. Tébù ti jáde: 5, 0, −3, −4, −3, 0, 5. Wọ́n sì ti fọwọ́ fà á, Tíṣà. Ṣùgbọ́n apá kejì ní kí wọ́n lo gíráàfù yẹn láti wá ojútùú x² − 3x − 4 = 0. Ṣé kí wọ́n ya òmíràn ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Rárá, mà. Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Kí wọ́n mú x² − 2x − 3, kí wọ́n yọ x² − 3x − 4 kúrò nínú rẹ̀. x² á lọ, x + 1 á kù. Ibi tí x² − 2x − 3 bá ti dọ́gba pẹ̀lú x + 1 ni x² − 3x − 4 ti jẹ́ 0. Kí wọ́n fa y = x + 1 sórí gíráàfù kan náà, rúlà ni ti èyí. Ibi méjì tí wọ́n ti pàdé, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ ka x níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Lágere
Táyé ní −1 àti 4. Kẹ́hìndé ní −1 ò lè tọ̀nà láéláé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀
Kí Kẹ́hìndé fi í sínú equation: 1 + 3 − 4. Kó má gbàgbé àkámọ́ Ará Modákẹ́kẹ́.

Ìyá Ìbejì, Lágere
Ó ti dákẹ́ 😄

Ará Modákẹ́kẹ́
Ẹ wò ó, Yorùbá la fi ṣe gbogbo èyí, ó sì yé àwọn ọmọ. Àdúgbò wa níbí, ní St. Stephen's, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà. Kí ló dé tí a ò tẹ̀ síwájú?

Ọmọ Ẹnuwá
Ṣé Yorùbá ni WAEC máa fi bi wọ́n ni? Ẹ máa tan àwọn ọmọ.

Ará Modákẹ́kẹ́
Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì náà, olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọn ò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìlésà
Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ṣá, kò dé orí aljẹ́brà ti SS. Ṣùgbọ́n mo gbè ọ́. Èmi kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé. Tó bá ti yé ọmọ tán ni mo tó ń fún un ní orúkọ tí WAEC ń pè é.

Ọmọ Ẹnuwá
Ìyẹn mo lè gbà.

Ọmọ Ọbòkun
Mo ṣì ní lẹ́sìnnì ni o.

Télọ̀ Sábó
Tíṣà, ẹ má tíì sùn, ẹ jọ̀ọ́. Simultaneous equation, equation méjì tí a ń yanjú pọ̀, ni wọ́n fún tèmi: 2x + y = 7, x − y = 2. Ó ti rí x = 3, ó wá ń bi mí bóyá kóun tún bẹ̀rẹ̀ látòkè kóun tó rí y.