Alábàárò abiyamọ ni mo fara mọ́

Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún obìnrin tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ láti máa ran àwọn ìyá ìkókó lọ́wọ́ lórí ọyàn fífún, láìgbowó. Ẹnì kan ní ká pè é ní "afọ́mọlọ́yàn", ẹlòmíràn ní "olùkọ́ abiyamọ".

Mi ò gba ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹni tó bá gbọ́ "afọ́mọlọ́yàn" á rò pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́yàn. Abiyamọ á gbọ́mọ rẹ̀ sá!

"Olùkọ́" ló gba àlàyé. Lóòótọ́, ìkọ́ni wà nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á júwe bí ọmọ ṣe ń gbá ọyàn mú: kí ẹnu rẹ̀ là gbàgà, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan ọyàn, kó gba ibi dúdú tó yí orí ọmú ká mọ́ ọn, torí bó bá jẹ́ orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu ọmọ, egbò ni yóò dá. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ oníwákàtí 40 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé jáde ní 1993, gbígbọ́ tẹnu ìyá ló ṣáájú ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kí a yẹra fún ọ̀rọ̀ tó ń dáni lẹ́jọ́. Bẹ́ ẹ bá bi ìyá pé "Ṣé ọyàn yín tó ọmọ?", ẹ ti gbin iyèméjì sí i lọ́kàn. "Ṣé ó ń mu dáadáa?" náà kò sàn jù ú lọ: "Bẹ́ẹ̀ ni" lẹ ó gbọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ẹ wí pé "Báwo lọyàn mímu ṣe ń lọ?" Ìgbà náà ló máa jáde pé ọmọ kì í gba ọyàn òsì, pé àwọn ará ilé ń sọ pé wàrà rẹ̀ ṣàn jù. Olùkọ́ sábà máa ń mọ ìdáhùn kó tó béèrè.

Ìdí nìyí tí mo fi mú "alábàárò" wá. Ẹni tí à ń bá rò ó ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹgbẹ́ ẹni ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi ti àwọn ìyá 7 tó dá La Leche League, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn ìyá lọ́wọ́ lórí ọyàn fífún, sílẹ̀ ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1956: abiyamọ bíi tàwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ni wọ́n. Alábàárò kì í kọ oògùn fúnni. Bí ọyàn bá wú tó pọ́n, tí ibà ń ṣe ìyá, tàbí tí ọmọ kò sanra, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Wọ́n ní orúkọ yìí kò fi hàn pé ẹni náà gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. "Agbẹ̀bí" ńkọ́? "Agbẹjọ́rò" ńkọ́? Èwo nínú wọn ló dárúkọ ilé ìwé?

Ti àìgbowó kò yẹ kó wà nínú orúkọ. Níbi tí ìwé bá ti nílò rẹ̀, ká kọ "alábàárò abiyamọ, olùyọ̀ǹda ara ẹni". "Olùdámọ̀ràn" ni kí a fi sílẹ̀ fún onímọ̀ tó ṣèdánwò, tó gba ìwé ẹ̀rí, tó sì ń gbowó iṣẹ́.