Ẹ̀mú sípíríǹgì ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ìfúnpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí a ó fún irinṣẹ́ tí mẹkáníìkì fi ń tẹ sípíríǹgì fáàfù wọlé ("valve spring compressor") nígbà tó bá ń to tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, padà ni mo fẹ́ dá sí. Fáàfù ni ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú sílíńdà tàbí tí èéfín ń gbà jáde; sípíríǹgì rẹ̀ ló ń tì í padà. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ sípíríǹgì". Ẹlòmíràn ní "atẹ-sípíríǹgì" kúrú jù ú lọ, ó sì rọrùn láti pè. Mi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá. Ti ìkejì ní ibi tó ti wúlò, mo sì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe ná. Ọ̀pá fáàfù gba àárín sípíríǹgì kọjá. Àwo kékeré kan wà lórí sípíríǹgì náà, lọ́ọ̀kì tín-ín-tìn-ìn méjì ló sì há a mọ́ ojú ilà tí wọ́n gé yí ọrùn ọ̀pá ká. Kí lọ́ọ̀kì tó lè wọ ojú ilà yẹn, sípíríǹgì gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì dúró síbẹ̀ títí mẹkáníìkì yóò fi fi gíríìsì lẹ lọ́ọ̀kì méjèèjì mọ́ ọ̀pá, tí yóò sì rọra tú u sílẹ̀. Ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí sípíríǹgì bá yọ̀ lọ́wọ́ ẹni, lọ́ọ̀kì á fò, ó sì lè bá ènìyàn lójú. Orúkọ tó bá sọ̀rọ̀ títẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀ dídìmú, ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

"Fúnpọ̀" ńkọ́? Ọsàn là ń fún, aṣọ tútù là ń fún. Nǹkan kan ń jáde nínú wọn. Ohun tó bá pọ̀ níye la sì ń kó pọ̀. Ẹyọ irin kan ni sípíríǹgì, kò sí ohun tó ń jáde nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti epo tí písítìnì ń há mọ́ inú sílíńdà ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí. Ìwé ẹ́ńjìnnì kan náà yóò sì nílò rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ti ná an sórí irinṣẹ́ yìí, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Ní ti "ẹ̀rọ", ẹ̀gbọ́n ní inú "rọ" ló ti wá, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ ọkọ́, nítorí náà ohunkóhun tí wọ́n bá rọ ẹ̀rọ ni. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń pe ọkọ́ tàbí àdá ní ẹ̀rọ lónìí? Ó ń dùn mí pé gbogbo ohun tí a bá fẹ́ fún lórúkọ la máa ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ níwájú, bíi pé èdè wa kò ní irinṣẹ́ kankan tẹ́lẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ní ẹ̀mú. Ẹ̀mú ló fi ń di irin gbígbóná mú kí ó lè fi òòlù lù ú. Mo dábàá "ẹ̀mú sípíríǹgì". Ẹ wo bí yóò ṣe rọrùn tó láti yàn án lọ́jà. Èyí tó tẹ̀ kọdọrọ, tí apá rẹ̀ kan fi ẹ̀yìn ti ojú fáàfù nísàlẹ̀, tí èkejì tẹ àwo lórí, ẹ̀mú pátápátá ni. Fún ọkọ̀ Peugeot 504, tí sípíríǹgì rẹ̀ wà ní gbangba, ẹ̀mú ẹnu gbígbòòrò ti tó. Toyota Corolla tó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 1ZZ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ihò jíjìn ni sípíríǹgì rẹ̀ wà. Ẹnu gbígbòòrò kò ní wọ ibẹ̀, bí wọ́n bá sì fi tipátipá tì í, á ha ara ihò tí ife irin tó bo orí fáàfù ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu tóóró la nílò, èyí tí wọ́n gé fèrèsé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ lè ti lọ́ọ̀kì gba ibẹ̀ wọlé. Fáàfù 16 ló wà níbẹ̀, lọ́ọ̀kì 32, kò sí àyè fún ẹ̀mú tí kò bá ojú ihò mu. Ẹnu, apá, ọrùn: orúkọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ibi tí mo ti gba "atẹ-sípíríǹgì" wọlé rèé: nígbà tí tọ́ọ̀pù kò bá tíì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ síìlì fáàfù nìkan, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ara ọ̀pá fáàfù jò wọlé. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ihò púlọ́ọ̀gì wọlé kí fáàfù má baà jábọ́ sínú sílíńdà, wọ́n á wá fi ọ̀pá tẹ sípíríǹgì láti òkè. Apá kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò dì í mú láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pá atẹ-sípíríǹgì ni kí ìyẹn máa jẹ́.

Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi pé bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, ẹmu ọ̀pẹ ni wọn yóò kà. Bí sípíríǹgì bá ti tẹ̀ lé e, èmi kò rí ẹni tí yóò gbé igbá wá. Àti pé àtẹ̀jáde tiwa yóò ní àmì ohùn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá. Ẹ̀mú wa yìí ní ìdè tó ń há a mọ́ra kó má baà ṣí nígbà tí ọwọ́ bá kúrò. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò rẹ̀ ń pe irú ìdè bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀mú tiwọn, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́, kó sì sọ ìlú tó ti gbọ́ ọ.