Ìmọ̀ràn: mo fẹ́ to Halifax Akin Shenbanjo ní ìwọ̀n 1/72 (ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 72 gùn jù ú). Kí ni kí n rà?

Àdìgún_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Mo fẹ́ to ọkọ̀ òfurufú ogun oníke fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tó wù mí ni Halifax Mk III tí Akin Shenbanjo bá wọn fò ní 76 Squadron ti RAF, ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Nàìjíríà tó gba àmì-ẹ̀yẹ DFC. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ "Achtung! The Black Prince" sí imú ọkọ̀ náà. Mi ò ní airbrush (ìbọn ìfọ́n-ọ̀dà), mi ò ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, owó náà ò sì pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n rà, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí ló sì máa ń bàjẹ́ jù?

ÌyẹApáMéjì:
Ẹ káàbọ̀, Àdìgún. Ohun tó wù yín dára, àmọ́ ẹ má fi Halifax kọ́ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní. Àṣìṣe tí ẹ bá ṣe lórí ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ óò tún un ṣe. Ìyẹ́ rẹ̀ ní 1/72 lé ní 40 sẹ̀ńtímítà láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì rẹ̀ pọ̀: imú, ilé awakọ̀, òkè, ìdí. Iléeṣẹ́ Revell ṣe é, Airfix náà ṣe é, ṣùgbọ́n ti Airfix ti wà láti 1961, orí ìṣó kéékèèké ló bo gbogbo ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Spitfire Mk Ia ti Airfix ní 1/72 ni kí ẹ rà, èyí tó ní ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti gọ́ọ̀mù nínú páálí. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ńtímítà 15 àti ààbọ̀ lọ. Ìdí tí mo fi yàn án kì í ṣe pé ó kéré nìkan. Dark Earth (àwọ̀ ilẹ̀) àti Dark Green (àwọ̀ ewé tó ṣú) tó wà lókè ara Spitfire 1940 náà ló wà lókè ara Halifax. Ọ̀dà tí ẹ bá rà fún ti kékeré, ti ńlá á jẹ níbẹ̀. Nọ́ńbà wọn nínú ọ̀dà Humbrol rèé: 29 ni Dark Earth, 30 ni Dark Green, 90 ni Sky tó wà lábẹ́ Spitfire láti oṣù kẹfà 1940, 78 ni àwọ̀ inú ilé awakọ̀. Bí ẹ bá dé orí Halifax, dúdú 33 nìkan lẹ óò fi kún un, nítorí abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń fò lóru, dúdú ni wọ́n máa ń kùn ún.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Òótọ́ lẹ sọ. Kí Àdìgún tó ṣí gọ́ọ̀mù, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọ-abọ́ fọ gbogbo férémù ike tí àwọn ẹ̀yà so mọ́ náà, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó rọra fọ inú kọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Òróró tí wọ́n fi sínú mọ́ọ̀dù ní ilé iṣẹ́ kí ike má baà lẹ̀ ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Ọ̀dà kì í di ibẹ̀ mú.

Ẹ má fọwọ́ já ẹ̀yà kúrò lára férémù láéláé. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì: ìkíní kó jìnnà sí ẹ̀yà ní bíi mílímítà 2, ìkejì kó súnmọ́ ọn, kí sáńpépà 600 wá parí ìyókù. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ẹ̀bá ẹ̀yà, ike ibẹ̀ á fún un ní àmì funfun, nígbà míì á bù wọnú ẹ̀yà fúnra rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù inú páálí yẹn nípọn. Bí agbára bá wà, ẹ wá Tamiya Extra Thin, ìgò 40 ml tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Kì í lẹ nǹkan bí àtè, ṣe ló ń yọ́ ike, tí ẹ̀yà méjèèjì á fi di ọ̀kan. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mú wọn pọ̀ ní gbígbẹ, ẹ wá fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì inú ìdérí kan ojú ìpàdé. Á sáré wọlé fúnra rẹ̀ bí omi ṣe ń wọ òwú. Ẹ ka mẹ́wàá, ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀: ẹ óò rí ike yíyọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ sókè bí òwú ìránṣọ ní gbogbo ojú ìpàdé. Ẹ má nù ún o. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi sáńpépà omi 600, lẹ́yìn náà 1000, gbá a lọ. Ojú ìpàdé kò ní sí mọ́. Àmọ́ bí ìka yín bá wà lórí ojú ìpàdé nígbà tí gọ́ọ̀mù ń sáré lọ, ó ti sáré lọ sábẹ́ ìka nìyẹn, ìtẹ̀ka yín yóò sì wà lára Spitfire títí ayé.

Ohun kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí Spitfire: ìyẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé orí sókè díẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ bá ti lẹ ìyẹ́ mọ́ ara, ẹ fa téèpù láti ṣóńṣó kan gba orí ọkọ̀ kọjá dé ṣóńṣó kejì, kí ó fà á sókè títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Téèpù yìí náà ló máa ń pa àlàfo tó wà láàárín ìyẹ́ àti ara dé, ẹ ò sì ní nílò pọ́tì ìdí-àlàfo púpọ̀ níbẹ̀.

OníPéńtì_Mókọ́lá:
Lórí pọ́tì àti sáńpépà, ẹ má fowó ṣòfò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta nǹkan ìkun-mọ́tò. Sáńpépà omi 600, 1000, 1500, 2000, wọ́n ń ta á ní ẹyọ-ẹyọ, ìwé kan tó fún ọkọ̀ méjì mẹ́ta. Pọ́tì pupa tàbí eérú tó wà nínú túùbù dára, tí ẹ bá fi igi ìtayín lẹ̀ ẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ewu wà. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí tínà àwọn oníkunmọ́tò kan ike yìí. Bẹntiróòlù náà kò gbọdọ̀ débẹ̀. Tínà á yọ́ ọ, ojú ike á hun bí awọ àgbà. Ọ̀dà mọ́tò tí wọ́n fi tínà pò, bákan náà. Púráímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) inú agolo, ẹ kọ́kọ́ fọ́n díẹ̀ sí orí férémù tí ẹ ti gé ẹ̀yà kúrò, ẹ dúró fún wákàtí kan. Bí ojú rẹ̀ bá jọ̀lọ̀, ẹ lò ó. Bó bá ti le hánhán bí ẹran gbígbẹ, ẹ gbé agolo náà padà fún mọ́tò.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí kún un: pọ́tì inú túùbù, bó bá nípọn, tínà inú rẹ̀ ò ní tètè jáde, á máa jẹ ike lábẹ́. Ojú á gbẹ, inú ò tíì gbẹ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ibẹ̀ á rì. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ́ẹ́rẹ́ ló sàn ju ẹ̀ẹ̀kan nípọn lọ.

OníPéńtì_Mókọ́lá:
Mo gbà.

Àǹtí_Peckham:
Àdìgún, bí ẹ bá ní ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, páálí Spitfire tí wọ́n ti yọ gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kúrò kò ṣòro, ẹ̀bùn àtàtà ni. Ṣùgbọ́n kó má di gọ́ọ̀mù Tamiya, Humbrol enamel (ọ̀dà tí kì í ṣe olómi) tàbí agolo fífọ́n sínú àpò o. Wọ́n ń tètè gbiná, wọn kì í gbà wọ́n láyè nínú bàálù, wọn á kó wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ fi kó ìyẹn. Ọ̀dà olómi lẹ lè sọ fún un kó rà: Humbrol acrylic ń lo nọ́ńbà kan náà, 29, 30, 78, 90, 33.

Gíláàsì orí awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń bàjẹ́. Ẹ má fi super glue lẹ̀ ẹ́. Èéfín rẹ̀ á mú kí inú gíláàsì funfun bí kùrukùru, kò sì ní lọ. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò, ẹ fi ṣóńṣó igi ìtayín kàn án. Bó bá dà sí ibi tí kò yẹ, ẹ fi òwú tó tutù nù ún kó tó gbẹ.

ÌyẹApáMéjì:
Kíkùn. Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ tó mílímítà 6 fún ìyẹ́, èyí tó kéré gan-an fún ilé awakọ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ọ̀dà olómi kó dà bí mílíìkì inú agolo. Ẹ kùn ún láti iwájú ìyẹ́ lọ sẹ́yìn, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ má padà sórí ibi tó ti ń gbẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ á burú, ẹ óò rí ike gba inú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kejì á bo, ìkẹta á parí. Ẹni tó bá fẹ́ kó bo lẹ́ẹ̀kan ló ń rí ìlà búrọ́ọ̀ṣì lára ọkọ̀ rẹ̀. Tamiya acrylic kò rọrùn lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn máa ń fa èyí tó wà lábẹ́ dìde. Fún airbrush ni wọ́n ṣe é.

Ẹ kùn Sky abẹ́ kí ẹ tó kan òkè. Dark Earth lẹ óò fi bo gbogbo òkè, lẹ́yìn náà ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tí Dark Green máa gbà, bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ilé awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba 78 kí ẹ tó pa ara ọkọ̀ dé. Lẹ́yìn pípa dé, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀ ná. Bó bá dìgbà tí ẹ ti to méjì mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní AS-186 ń lo ìdá kan nínú mẹ́fà agbára ẹṣin, inverter tó mọ níwọ̀n lè gbé e, ó sì ní tánkì lítà 3. Ẹ ra èyí tó ní ìgò ìgba-omi, nítorí ojú ọjọ́ wa yóò máa tu omi sínú ọ̀dà.

Àdìgún_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí. Mo ti gbà, Spitfire ni mo máa kọ́kọ́ rà. Ìbéèrè méjì ló kù: decal (àwòrán àti lẹ́tà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn), wọ́n ní ó máa ń ní dídán fàdákà yíká, kí ló fà á? Àti pé, tí mo bá dé orí Halifax, níbo ni kí n ti rí orúkọ "Achtung! The Black Prince" náà?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:
Fàdákà yẹn, afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀dà tí kò dán, ojú rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀, decal tẹ́ lórí òkè rẹ̀, afẹ́fẹ́ wà lábẹ́. Ẹ fi fáníìṣì dídán bo ọkọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ki decal bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20, ẹ gbé e sórí aṣọ tútù títí yóò fi máa yọ̀ lórí bébà rẹ̀. Omi díẹ̀ lára ọkọ̀ kí ẹ tó fà á sórí rẹ̀, kí ẹ lè máa sún un. Omi kan tó ń jẹ́ Micro Sol ń rọ̀ ọ́ títí tí yóò fi wọ inú ìlà ara ọkọ̀. Á kọ́kọ́ ká jọ bí awọ tó wà lórí ẹ̀kọ. Ẹ̀rù á bà yín. Ẹ má fọwọ́ kàn án, á tẹ́ padà fúnra rẹ̀.

Fáníìṣì aláìdán ló kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ti agolo fífọ́n, ẹ má fọ́n ọn lákòókò òjò. Bí tínà inú rẹ̀ ṣe ń gbẹ, ojú ọkọ̀ ń tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá dà sórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á funfun bí ẹni da lẹ́búlẹ́bú sí i. Ọ̀sán tí oòrùn mú, sẹ̀ńtímítà 15 sí 20 sí ara rẹ̀, ẹ má dúró sójú kan. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ dáadáa, àmọ́ ẹ fi ike ńlá bo ọkọ̀ náà kí eruku má baà jókòó.

ÌyẹApáMéjì:
Ti orúkọ náà: bébà decal tó mọ́ gaara wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser lè tẹ̀ ẹ́ sórí rẹ̀. Ti inkjet, ẹ gbọ́dọ̀ fi fáníìṣì bò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó kan omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìńkì á ṣàn lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kì í tẹ funfun, dúdú sì ni ẹ̀gbẹ́ Halifax. Bí lẹ́tà bá jẹ́ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ẹ ra bébà decal funfun, ẹ tẹ àyíká lẹ́tà ní dúdú, ẹ gé e súnmọ́ ọn, kí ẹ fi 33 kun etí rẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Fọ́tò ìgbà ogun, dúdú-òun-funfun ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú yín lórí àwọ̀ lẹ́tà. MP ni àmì 76 Squadron, ẹ má gbàgbé kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.