Màmá mi ní ìwé dókítà, ṣé mo lè gbin igbó sẹ́yìnkùlé ní California?

Àjọkẹ́77:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California. Màmá mi ń gba kímò fún jẹjẹrẹ, èébì ò jẹ́ kí wọ́n jẹun mọ́, gbogbo ohun tá a bá gbé síwájú wọn ni wọ́n ń tì sẹ́yìn. Dókítà wọn fúnra ẹ̀ ló kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n máa lo igbó. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ti wọ́n jù fún wa, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n gbin bíi mẹ́rin sẹ́yìnkùlé, aládùúgbò wa wá ní ìlú wa ò gbà á, pé wọ́n máa fà á tu, wọ́n á tún bu owó ìtanràn lé mi. Ṣebí ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí i tipẹ́? Ilé tá a rẹ́ǹtì là ń gbé, èmi náà ni mò ń tọ́jú wọn, ìwẹ̀, oògùn, ọsibítù, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ sọ fún mi.

BàbáÌbejì_CA:
Àbúrò, o kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Òótọ́ ni ìwọ àti aládùúgbò ẹ ń sọ. 1996 ni àwọn ará California dìbò fún Proposition 215, òfin tó ní aláìsàn tí dókítà bá ní kó lò ó, àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, lè gbìn ín. Kò dárúkọ iye kankan. SB 420, òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, ló mú iye wá: èyí tó ti gbẹ, ounce 8, igi tó ti gbó 6 tàbí èyí tí ò tíì gbó 12, kántì tàbí ìlú sì lè fi kún un. Ní 2010 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California wá sọ nínú ẹjọ́ People v. Kelly pé aláìsàn tí tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lè rò ó ní kóòtù pé ohun tí àìsàn òun gbà nìyẹn. Àmọ́ kéèyàn rojọ́ ní kóòtù kó bọ́, ìyẹn yàtọ̀ sí kí ọlọ́pàá má mú un rárá o.

Ìlú wá ńkọ́. Ìlú Live Oak ní Sutter County fòfin de gbígbìn pátápátá, àwọn kan pe ìlú náà lẹ́jọ́, ní 2013 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìlú láṣẹ bẹ́ẹ̀. Proposition 64 ti 2016 ló tú u díẹ̀, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè gbin 6, 6 yẹn sì ni fún gbogbo ilé o, kì í ṣe 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlú ò lè ní kó o má gbìn ín sínú ilé rárá, wọ́n kàn lè ṣòfin lórí bó o ṣe máa gbìn ín ni. Ti ìta ni wọ́n lè dí pa. Ẹ̀yìnkùlé tó o dárúkọ yẹn gan-an nìṣòro ẹ, torí náà ka òfin ìlú yín kó o tó ra irúgbìn, tí ilé yín ò bá sì sí nínú ìlú, ti kántì ni kó o kà.

Sẹ́gun_SD:
Àǹtí, ẹ má gbàgbé lándíláàdì. Ó lè ní òun ò fẹ́ ẹ nínú ilé òun, Prop 64 ò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń bá yín san owó ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Wọ́n lé èèyàn mi kan jáde lórí igi méjì péré, ó ní ìwé dókítà lọ́wọ́ o, ó dùn mí títí dòní.

Ti pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú màmá, ìyẹn dáa fún yín gan. Ní 2008, nínú ẹjọ́ People v. Mentch, kóòtù ní ẹni tó kàn ń fún aláìsàn nígbó kì í ṣe olùtọ́jú, àfi kó ti máa bójú tó ilé, ìlera tàbí ààbò ẹ̀ látẹ̀yìn wá. Ẹ tọ́jú àwọn ìwé ọsibítù tí orúkọ yín wà níbẹ̀.

Rẹ̀mí_nọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá ti di sítísìn àbí grín káàdì ni wọ́n ní? Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi yín nìyẹn. Ohunkóhun tí California bá gbà, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kéèyàn gbin igbó sílé, òfin yẹn sì ni àwọn ìmígíréṣọ̀n ń tẹ̀ lé. Láti April 2019 ni USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni ní grín káàdì àti sítísìn, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé igbó lè ba ìwà rere tí wọ́n ń wò fún sítísìn jẹ́, kódà níbi tí ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí i, kódà tí wọn ò mú èèyàn rí. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ ò bá tíì di sítísìn, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn.

Ẹ bi dókítà nípa dronabinol. Kápúsù ni, THC, ìyẹn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó, tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ oògùn ló wà nínú ẹ̀, láti 1985 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí i fún èébì kímò, fámásì lẹ ti máa gbà á bí oògùn yòókù. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, ó sì lè mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà, ẹ máa ṣọ́ wọn tí wọ́n bá ń dìde.

Àjọkẹ́77:
Ha. Grín káàdì ni wọ́n ní o, fọ́ọ̀mù sítísìn wọn wà lórí tábìlì níbí, ó ku kí wọ́n buwọ́ lù ú. Kò sẹ́ni tó bi wá, dókítà gan-an ò bi wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Sista Rẹ̀mí. Mi ò gbin nǹkan kan mọ́. Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà, màá bi í ní ti kápúsù yẹn, fọ́ọ̀mù yẹn sì ń dúró di ìgbà tá a bá rí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n, torí wọ́n ti lo ti ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.